Ohun tó ń lé ọmọ iṣẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Bí àwọn ọ̀gá téló, mẹkáníìkì tàbí onídìrí bá péjọ, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń rò. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọdún méjì kọ́, tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́wọ́, á ṣàdédé pòórá. Ìgbà tí wọ́n bá tún máa fojú kàn án, ó ti ń gun ọ̀kadà káàkiri, owó ojúmọ́ ti fà á lọ.

Àwọn ọ̀gá a ní olóríkunkun ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Laurence Steinberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 935, láti ẹni ọdún 10 sí 30. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 16 ló máa ń fẹ́ gba owó kékeré tó yá ju owó ńlá tó máa pẹ́ lọ. Àwọn náà ló sọ pé àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ro ti ọ̀la.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ṣá. Ní yunifásítì Rochester, níbẹ̀ kan náà, wọ́n dán àwọn ọmọ kéékèèké 28 wò, ìwádìí náà sì jáde lọ́dún 2013. Wọ́n ní ọmọ tó bá lè dúró fún ìṣẹ́jú 15 yóò gba midinmíìdìn méjì dípò ẹyọ kan. Àwọn tí àgbàlagbà ti kọ́kọ́ mú ìlérí ṣẹ fún dúró tó bí ìṣẹ́jú 12. Àwọn tó ti já kulẹ̀ kò dúró ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹ̀yin ọ̀gá. Ọdún mẹ́ta jìnnà púpọ̀ lójú ọmọ ọdún 14, nítorí náà, ẹ gé e kúrú fún un. Ẹ sọ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, kó sì rí nǹkan gbà tó bá mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó máa dá àjọ díẹ̀díẹ̀ tí yóò fi ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Pabanbarì rẹ̀, ẹ má ṣe máa sún ọjọ́ fríídọ̀mù ẹnikẹ́ni síwájú láìnídìí, torí àwọn tó kù ń wò yín.

Lóòótọ́, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dá ọmọ náà lójú pé oyin wà níbẹ̀.