Ta ni Yóò Kọ́kọ́ Lo Ẹ̀rọ Ńlá Náà?

Ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Frontier: ẹ̀rọ tí ó ju 9,000 lọ ni a so pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ tí ń wá a lò pọ̀ jáǹtirẹrẹ. Slurm ni adájọ́ láàárín wọn, ètò tí a bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwádìí Livermore, ní California, ní nǹkan bí ọdún 2002.

Olúkúlùkù ni yóò sọ iye ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ àti iye wákàtí tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà. Bí iṣẹ́ ńlá bá ń dúró de ẹ̀rọ púpọ̀, Slurm a máa ki iṣẹ́ kékeré bọ àlàfo tí ó ṣófo, bí kò bá ti ní dá ti ńlá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó bá dá àkókò tí ó kéré jù, bí àkókò náà bá ti pé, a ó gé iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ìbáà ṣe pé díẹ̀ ni ó kù kí ó parí. Ẹni tí ó bá sì bu àbùjù yóò pẹ́ lórí ìlà. (Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú ìdájọ́ yìí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.)

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni pé ọ̀fẹ́ ni. Yunifásítì tí ó so kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré pọ̀ lè gba ètò kan náà tí Frontier ń lò, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó sì tún un ṣe bí ó ti wù ú.