Ọdún Kìíní Olórí Àwọn Tíṣà

Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan bá yan olórí tuntun, ìbáà ṣe ti agbẹjọ́rò, ti ẹnjiníà tàbí ti tíṣà, àwòrán rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ rí nínú ìwé ìròhìn: agbádá, fìlà, ẹ̀rín músẹ́, àti ìlérí bíi mẹ́wàá. A kì í sábà rí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nígbà tí onílù bá ti lọ sílé, tí ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú iṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n fi ṣe olórí ní oṣù keje ọdún 1931. Ẹgbẹ́ náà ni Ẹgbẹ́ Àwọn Tíṣà Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí NUT. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù náà. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ni olórí àkọ́kọ́. Ẹni ogójì ọdún ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n sí bàbá Fẹlá, ṣùgbọ́n Fẹlá kò tí ì dé ayé nígbà náà. 1938 ni wọ́n bí i.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí yóò yé àwa tí a ń gbé Òkè Ọya ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n yàn án, kì í ṣe ìlú rẹ̀ ni ó ń gbé. Ìjẹ̀bú-Òde ni ó wà, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń ṣe ọ̀gá àgbà Grammar School ibẹ̀. Ẹ̀gbá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú! Àwọn àgbà tí ó gbọ́ ìtàn mọ̀ pé ìran méjèèjì ti bá ara wọn jagun rí. Síbẹ̀ òun ni ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní 1926. Àwọn tíṣà Èkó ti ní tiwọn ní 1925. Nínú irú ẹgbẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni NUT ti hù jáde.

Kí ni ó wà níwájú rẹ̀ ní ọdún yẹn? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti owó. Ayé le ní 1931. Owó kòkó àti ti epo ti já wálẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń dín ìnáwó kù, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé àwọn ìjọ ń wo ojú owó ìrànwọ́ ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1926 sì ti wà nílẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ. Òfin náà dára ní ọ̀nà kan, nítorí àwọn kan ń ṣí ilé-ìwé bí ẹni ń na àtẹ àkàrà. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà kò ní ẹnu kan tí wọ́n lè fi bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀ràn ìyapa tilẹ̀ ju ti owó lọ. Tíṣà ìjọba wà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sàn, ó sì ní pẹ́ńṣàn níwájú. Tíṣà ìjọ ni ó pọ̀ jù, òun ni ó sì ń jìyà. A kọ́ ọmọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi a lu agogo, a ka Bíbélì fún ìjọ, bí àlùfáà kò bá sì wá, òun ni yóò wàásù. Mànéjà lè ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí ó bá darúgbó, àdúrà ni wọn yóò fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. CMS, Wẹ́sílì, Onítẹ̀bọmi, Àgùdà, olúkúlùkù ní ìlànà tirẹ̀, olúkúlùkù sì rò pé ilé-ìwé tòun ni ilé-ìwé. Àwọn wọ̀nyí ni olórí tuntun ní láti mú jókòó sórí ìjókòó kan.

Òun fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Àlùfáà CMS ni. Ọwọ́ ìjọ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, òun náà ni ó sì fẹ́ ṣíwájú àwọn tí ń bi ìjọ léèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹlòmíràn lè wí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ. Ní tèmi, òun gan-an ni ó yẹ. Tíṣà kékeré tí ó bá sọ̀rọ̀, wọn a lé e. Ta ni yóò tètè lé ọ̀gá àgbà tí ó jẹ́ àlùfáà, tí ó gboyè ní Fourah Bay, tí ó sì tún jẹ́ ọmọ Canon J. J. Ransome-Kuti olórin ìjọ?

Ilé rẹ̀ náà kò fara rọ. Canon ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oṣù kẹsàn-án 1930. Ọmọ kékeré méjì wà nílẹ̀, Dolupo àti Olikoye, èyí tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Nígbà tí ó sì di 1932, Abẹ́òkúta Grammar School pè é wá sílé láti wá ṣe ọ̀gá àgbà, ilé-ìwé tí òun jẹ́ ọmọ àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ọ́ ní 1908. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti bá ọkọ yín kó ẹrù láti Ìlọrin dé Kánò, láti Kánò dé Jọ́ọ̀sì, ẹ mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, yóò ti rí.

Ẹgbẹ́ náà kò ní akọ̀wé tí ń gba owó oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀ nìkan títí di 1943. Ọdún méjìlá gbáko ni àwọn tí ó ní kíláàsì tiwọn fi ń ṣe é. Akọ̀wé tí wọ́n wá gbà, E. E. Esua, ará ìhà Calabar ni, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1964. Ọmọ Yorùbá ni olórí, ará Calabar ni akọ̀wé. Èyí ni mo kà sí jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Ransome-Kuti, nítorí kò sí ohun tí ì bá rọrùn tó pé kí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó di ti ará Èkó àti Ẹ̀gbá nìkan.

Èrè iṣẹ́ náà kò tètè yọ. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Elliot ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì dé Ìbàdàn ní 1948. Ọdún 1954 ni ó fi ipò sílẹ̀ nínú NUT, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún. Lóde òní, ọdún kan ṣoṣo ni olórí ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-owó, ICAN, ń lò, ti agbẹjọ́rò ń lo méjì. Èmi kò rò pé ó dára kí ẹnìkan jókòó fún ọdún mẹ́tàlélógún, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọdún kan péré, kí ó má fi ìdajì rẹ̀ gba àlejò.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955. Àlùfáà náà kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún kan náà.

Ẹ̀ka NUT wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín sì wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń kọ orúkọ gbogbo tíṣà tí ó jẹ́ tiwa sílẹ̀, àti èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti èyí tí ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí i kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé.