Olú Inú Ewéko: Òótọ́ àti Irọ́

Olú kì í ṣe èyí tó ń hù lára igi jíjẹrà nìkan. Àwọn kan wà tí ojú lásán kò lè rí, inú ewéko tó ń dàgbà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ kòkòrò. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Irọ́: Olú tó bá ti wọ inú ewéko, àrùn ni.

Òótọ́: Olú kan tó ń jẹ́ Epichloë ń gbé inú ryegrass, koríko tí wọ́n ń gbìn fún àgùntàn àti màlúù ní New Zealand. Koríko ń fún un ní ṣúgà. Olú náà ń pèsè peramine, tí kì í jẹ́ kí Argentine stem weevil, kòkòrò tí ń jẹ koríko náà run, fẹ́ fẹnu kàn án. Ọdún 1982 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti fi hàn pé olú náà ń gba koríko lọ́wọ́ kòkòrò yìí.

Irọ́: Olú náà kì í ṣe oògùn olóró, nítorí náà kò lè ṣe ẹran ní jàǹbá.

Òótọ́: Olú yìí kan náà ń pèsè lolitrem B, tó ń mú kí àgùntàn máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣa irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AR1, tó ní peramine ṣùgbọ́n tí kò ní lolitrem B. AR1 náà kò sì lè lé gbogbo kòkòrò.

Irọ́: Olú kan ṣoṣo tó fún gbogbo oko.

Òótọ́: Koríko ni Epichloë mọ̀, kò lè gbé inú ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀wà. Olú mìíràn, Beauveria bassiana, lè wọ àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Uganda, wọ́n ri gbòǹgbò ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ omi tó ní olú yìí nínú kí wọ́n tó gbìn ín, ọṣẹ́ kòkòrò tí ń gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì dín kù.

Irọ́: Lójú ẹsẹ̀ ló ń pa kòkòrò.

Òótọ́: Green Muscle, oògùn eéṣú tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Cotonou àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi olú Metarhizium ṣe, ara eéṣú gan-an ni wọ́n ń fín in sí, síbẹ̀ ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí eéṣú tó kú. Ti inú ewéko tún rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò kì í kú: kì í jẹun dáadáa mọ́, kì í sì í dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń wá òkú kòkòrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì yóò rò pé kò ṣiṣẹ́.

Irọ́: Bí irúgbìn bá ṣì ń hù, olú inú rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Òótọ́: Ooru àti ọ̀rinrin lè pa Epichloë inú irúgbìn ryegrass, kí irúgbìn náà sì hù geere. Ibi tútù tó gbẹ ló yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbìn ín.