Agbèfọ́ba: Ta Ni Ó Ń Gbè?

Ní Ita-Djèbou, bí ó ti rí káàkiri Sakété àti Pobè, bí ọ̀rọ̀ kan bá ti kọjá agbára olórí ẹbí, tí ó kọjá ti baálẹ̀, tí ọlọ́pàá sì ti dá sí i, gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: “Wọ́n ti gbé e lọ sí Pobè.” Àyà ìyá á já, bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó mọ ẹnìkan níbẹ̀. Bí a bá wá béèrè pé ta ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé adájọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó rí i, ẹlòmíràn ti rí i ná. Ẹni náà ni agbèfọ́ba, tí àwọn Faransé ń pè ní procureur de la République.

Orúkọ náà túmọ̀ ara rẹ̀: ẹni tí ó ń gbè fún ọba ni. Ọba tí a ń wí níbí kì í ṣe aládé kan, ìjọba ni. Nínú ètò ìdájọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, iṣẹ́ kan náà ni adájọ́ àti agbèfọ́ba kọ́. Adájọ́ a máa jókòó gbọ́ ẹjọ́, agbèfọ́ba a sì máa dìde dúró sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe àwọn agbèfọ́ba ní magistrature debout, àwọn adájọ́ tí ń dúró. Kì í ṣe lọ́yà ẹni tí wọ́n jí ní alùpùpù, kì í sì í ṣe ọ̀tá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Agbára rẹ̀ tí ó tóbi jù kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nílé ẹjọ́. Ó wà nínú yíyàn tí ó ń ṣe lórí tábìlì rẹ̀. Bí ìwé ọlọ́pàá bá dé ọwọ́ rẹ̀, ó lè pa á tì bí ẹ̀rí kò bá tó. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ilé ẹjọ́ tààrà. Bí ó bá wúwo, ó lè ní kí adájọ́ ìwádìí, juge d'instruction, tú u wò dé ìdí. Bí ó bá pa á tì, ọ̀nà kò tíì dí mọ́ olùfisùn: òfin fi àyè sílẹ̀ fún un láti fúnra rẹ̀ tọ adájọ́ ìwádìí lọ gẹ́gẹ́ bí partie civile. Gbèsè lásán kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ agbèfọ́ba. Ẹni tí ó yáwó tí kò rí i san jẹ gbèsè ni, kò dá ọ̀ràn, àfi bí ó bá fi ẹ̀tàn gba owó náà.

Àwọn ìbátan wa ní Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó, ní òdìkejì ẹnubodè, kò rí i báyìí. Nàìjíríà pín agbára náà sí méjì. Abala 174 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀ràn tí ó jẹ mọ́ òfin àpapọ̀, láti gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó pè é, àti láti dá a dúró. Abala 211 fún ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú àṣẹ kan náà lórí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìjọba kan ṣoṣo ni tiwa ní Bẹ̀nẹ̀. Síbẹ̀, láti 2018, àwa náà ní ilé ẹjọ́ pàtàkì kan ní Àjàṣẹ́, tí à ń pè ní CRIET, fún jìbìtì owó ńlá, oògùn olóró, ìpániláyà àti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Agbèfọ́ba tirẹ̀, procureur spécial, ni ó ń pe ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ orúkọ “gaymen” ní gbogbo ìgbà, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yẹn lè gbé ènìyàn dé Àjàṣẹ́ kíákíá.

Ṣé agbèfọ́ba kò wá ní máa gbè fún ọba jù? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni ọ̀gá àwọn agbèfọ́ba, ó sì lè pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ náà ni pé ohun tí agbèfọ́ba kọ sílẹ̀ lè tẹ̀ lé àṣẹ, ohun tí ó bá fi ẹnu sọ nílé ẹjọ́ sì jẹ́ ti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Nígbà tí CRIET bẹ̀rẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nínú rẹ̀. Òfin 2020 ni ó dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, adájọ́ kan níbẹ̀, Essowé Batamoussi, sá kúrò nílùú, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àwọn aláṣẹ ń fúngun mọ́ àwọn adájọ́. Ìjọba kọ ọ̀rọ̀ náà. A kò sọ èyí láti ba iṣẹ́ náà jẹ́. A sọ ọ́ kí ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó ń béèrè ẹ̀yìn líle ni.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó sún mọ́ wa ju ti àwọn aláṣẹ lọ: ewu èdè. Ìwé ni agbèfọ́ba fi ń yàn, Faransé ni wọ́n sì fi kọ ìwé náà. Nàgó ni ìyá wa fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ọlọ́pàá tí ó lè jẹ́ ọmọ Natitingou. Ó ní, “Ó gba owó lọ́wọ́ mi.” Bí wọ́n bá kọ il a reçu, gbèsè ni. Bí wọ́n bá kọ il a arraché, olè pẹ̀lú ipá ni. Ẹlòmíràn ní, “Ó fẹ́ẹ̀ pa mí,” ìyẹn ni pé lílù náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí òun kú. Bí ẹni tí ó ń túmọ̀ bá gbọ́ “Ó fẹ́ pa mí,” ẹ̀sùn ìgbìyànjú ìpànìyàn ti délẹ̀. Ohùn orí fáwẹ́lì kan ni ó ya ọdún díẹ̀ lẹ́wọ̀n kúrò lára ọdún púpọ̀. Bẹ́ẹ̀, agbèfọ́ba lè jẹ́ olóòótọ́ jù lọ láyé, ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò kà.

Nítorí náà, kí á mọ ẹ̀tọ́ wa. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ìlú àti òṣèlú, tí Bẹ̀nẹ̀ darapọ̀ mọ́ ní 1992, sọ ní abala 14 pé ẹni tí ó ń jẹ́jọ́ ọ̀ràn tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Ìpìlẹ̀ wa ti 1990 sọ ní abala 17 pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí tí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn. Abala 18 sọ pé a kò gbọdọ̀ tì í mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé a mú un dé iwájú aláṣẹ ìdájọ́ kan kí ìyẹn sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi kún un nítorí ìdí pàtàkì, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́jọ. Agbèfọ́ba ni ó sì yẹ kí ó máa ṣọ́ wákàtí wọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ sí ìwé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kí ó ní kí wọ́n tún un kà fún òun ní èdè tí òun gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe àrífín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Yorùbá lójú ewé kan, tí ẹ sì ń kà á ní Faransé lójú ewé kejì, ohun tí iṣẹ́ yìí nílò ti wà lẹ́nu yín. Ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, ìdánwò ìdíje ìjọba, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ adájọ́: ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ onífàyàwọ́ bákan náà. Àwọn àgbà wa ní àgbà òṣìkà ní ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé nìkan, tí ó sì ń pe ẹjọ́ fún àwọn tí ń sọ Nàgó, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó ń gbọ́ láìmọ̀. A fẹ́ kí agbèfọ́ba kan wà ní Pobè lọ́la tí yóò ka ìwé náà tán, tí yóò gbójú sókè, tí yóò sì bi ìyá náà ní èdè rẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó fẹ́ẹ̀ pa yín ni, àbí ó fẹ́ pa yín?”