Frein tuntun: ariwo lọ́tọ̀, ìdìmú lọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la gbé wá lónìí, kẹ̀kẹ́ alùpùpù tó ń gbé ẹrù wa lọ sọ́jà, tó ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru. Ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn zémidjan àti àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ nílé ni pé: «Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ plaquette ni, owó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi ni. Kí ló dé tí frein ń ké? Kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ wúwo bí ẹni ń wọ́ igi?»

Ìbéèrè méjì nìyẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó ń ké, ẹ lè ní sùúrù fún un. Èyí tó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú tí kò fẹ́ tú u sílẹ̀, ẹ má gùn ún jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ariwo. Disque tó ti pẹ́ lára kẹ̀kẹ́ kì í tẹ́jú mọ́, ó ti ní ilà wẹ́wẹ́ yíká. Plaquette àtijọ́ ti jẹ bá ilà yẹn mu. Tuntun tá a gbé wá tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí náà ibi tó ga lára disque nìkan ló ń kàn, ó wá ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn lẹ̀ ń gbọ́ tó ń dún wíí-wíí. Ìdí kan náà nìyí tí frein tuntun kì í fi í mú dáadáa lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ wá ọ̀nà tí kò sí èrò, ẹ sáré dé bíi 40 lórí compteur, kẹ́ ẹ máa tẹ frein díẹ̀díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kẹ́ ẹ tún gbéra. Ẹ ṣe é bí ogún ìgbà, kẹ́ ẹ máa fi àlàfo sáàárín kó lè tutù. Fún bíi kìlómítà 200 sí 300 àkọ́kọ́, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ àfi tí ewu bá yọjú. Ariwo púpọ̀ máa ń kú láàárín àsìkò yẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí erùpẹ̀ pupa ń bo gbogbo nǹkan, ẹ fi omi ọṣẹ fọ disque, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó máa bú ẹni tó ta plaquette.

Tí ariwo bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ bi mẹkáníìkì léèrè ibi tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn plaquette àtijọ́ wà. Irin yẹn àti sípíríǹgì kékeré tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́yè ló ń pa gbígbọ̀n. Mẹkáníìkì tó ń kánjú máa ń sọ wọ́n nù pẹ̀lú èyí tó ti jẹ tán, àwa náà kì í sì í béèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohùn irin tó ń ha irin lẹ̀ ń gbọ́, ìyẹn kọjá ìfaradà. Ẹ dúró, kí wọ́n tú u wò.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ rèé. Àwọn kan wà, tí ariwo bá ti sú wọn, wọn a kán òróró ẹ́ńjìnì sórí disque. Ariwo á dákẹ́ lóòótọ́. Ó dákẹ́ torí pé plaquette kò di nǹkan kan mú mọ́! Plaquette ń mu òróró bí àkàrà ṣe ń mu epo. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní jáde tán, ńṣe lẹ máa ra òmíràn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń rọra lọ, ẹ ò ní fura. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu títì, tí ìyá ọlọ́mọ wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú àpò gàrí, ọjọ́ náà lẹ máa mọ̀. Ẹ má fi kpayo fọ̀ ọ́ náà: ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó sì ń ba rọ́bà inú frein jẹ́. Alcool 90 tí wọ́n ń tà ní pharmacie ló dáa láti fi nu disque.

Ó wá ku èyí tó ń di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ fi vitesse sí point mort, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí béquille àárín, ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí ẹnì kan bá yín tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí tiwájú náà lè gbéra, kẹ́ ẹ yí òun náà. Plaquette tuntun lè máa ha disque fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìyẹn ò burú. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́wọ́ kúrò ló ń dúró gbagidi, ó ń dì í mú nìyẹn. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gùn ún lọ díẹ̀ láìtẹ frein rárá, ẹ jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ kán omi sórí disque. Bó bá dún ṣàà, iná ti wà níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o.

Kí ló fà á? Plaquette tuntun nípọn ju èyí tó ti jẹ lọ. Kó tó lè wọlé, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ ti písítọ̀n padà sínú ihò rẹ̀. Bí ara písítọ̀n bá dọ̀tí, wọ́n ti ìdọ̀tí wọlé pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, á sì há. Kí wọ́n nù ún mọ́ kí wọ́n tó tì í.

Èyí tó tẹ̀ lé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí plaquette àtijọ́ ṣe ń jẹ, omi frein inú agolo kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń lọ sílẹ̀, àwa náà á máa bu kún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti písítọ̀n padà, omi yẹn ò ríbi lọ mọ́, ó kún dé ẹnu. Bó bá gbóná, ó wú, ó sì ń ti plaquette mọ́ disque láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ nǹkan kan. Nígbà tó bá gbóná débi tí omi náà hó, ọwọ́ frein á kàn rọ̀ jọ̀bọ̀ lọ́wọ́ yín, kẹ̀kẹ́ kò ní dúró. Ilà òkè àti ilà ìsàlẹ̀ wà nínú agolo yẹn. Kí omi má kọjá tòkè. Èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí, DOT 3 tàbí DOT 4, nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i. Òróró ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ débẹ̀, rọ́bà á wú.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wo irin méjì tí étrier ń rìn lórí wọn. Bí wọ́n bá gbẹ tàbí tí wọ́n dípẹtà, plaquette kì í lè padà sẹ́yìn. Gíríìsì tó ń fara da iná ni kí wọ́n fi sí i, ibẹ̀ nìkan, kí ìka tó bu gíríìsì má tún kan plaquette.

Ti tambour rọrùn jù. Pédal gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bó bá mú ṣáájú ìyẹn, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá frein díẹ̀. Ẹni tó bá fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn láti fún ṣéènì, frein náà ló fún yẹn o. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ṣí tambour, eruku dúdú á wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á sì fẹnu fẹ́ ẹ dànù, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbé e. Àwọn garniture kan wà láyé tí wọ́n fi amiante ṣe, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Eruku amiante máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ tó tutù ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n dì í sínú sáṣẹ́ẹ̀tì kó tó gbẹ, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín, pàápàá tó bá ní ọmọ iṣẹ́.