Oògùn Dókítà fún Ẹni tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Sìgá: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Òkè-Ògùn

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Òkè-Ògùn tí tábà ṣàjèjì sí. Kí sìgá tó gbòde ni àwọn àgbà ti ń lo aṣáà, tí wọ́n sì ń mu ìkòkò. Nígbà tó yá, ewé náà di ohun tí a ń gbìn fún títà ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, bá àwọn bàbá wa dòwò; British American Tobacco, tó ṣí ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá sí Ìbàdàn lọ́dún 2003, náà bá àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn dòwò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012, ọkùnrin 10 nínú 100 tó ti pé ọmọ ọdún 15 ló ń lo tábà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Bí a bá ka tọkùnrin-tobìnrin pọ̀, wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gbìyànjú láti jáwọ́ rí, tí wọ́n sì tún padà sídìí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí fẹ́ kó yé wa: ẹni tó ti pinnu láti fi sìgá sílẹ̀ kò yẹ kó fi ọwọ́ lásán jà. Oògùn wà tí dókítà lè kọ fún un. A ti dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sì sí ìtìjú kankan nínú kéèyàn béèrè fún un.

Ìdí tí ìpinnu nìkan kì í fi í tó

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lóko tábà mọ ohun kan tí ará ìlú ńlá lè má mọ̀. Bí èèyàn bá ń ká ewé tábà tútù lówùúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, tàbí lẹ́yìn òjò, òòyì lè kọ́ ọ, orí lè máa fọ́ ọ, èébì sì lè gbé e, bẹ́ẹ̀ kò fi iná kan ewé ọ̀hún rárá. Nikotíìnì inú ewé ló gba ara awọ wọlé. Bí ohun tó kàn kan èèyàn lára lásán bá lè dá alágbára dúbúlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ro ohun tó máa ṣe bí a bá fi èéfín gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti ibẹ̀, kì í gba ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 lọ kó tó dé ọpọlọ. Ó máa ń jókòó sí àwọn ibì kan níbẹ̀, á sì jẹ́ kí ọpọlọ tú ohun tó ń mú ìtura wá jáde. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ á fi kún iye ibi tí nikotíìnì ń jókòó sí, á sì máa retí rẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í lè fọ ẹnu láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Inú á máa bí i láìnídìí, oorun á dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, ebi á sì máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Inú àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú ti ń forí ṣánpọ́n. Àwọn onímọ̀ tó kó èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2023 rí i pé nínú 100 èèyàn tó gbìyànjú láìlo oògùn kankan, nǹkan bí 6 péré ni kò padà sídìí sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò lè sọ pé àwọn 94 yòókù jẹ́ aláìnípinnu. Ọpọlọ tí ohun kan ti yí padà fún ọdún pípẹ́ kì í gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀bi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò sì sí lọ́rùn ẹni tó ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í dá ẹlẹ́jẹ̀ ríru lẹ́bi pé kò fi ìpinnu mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn oògùn tó wà àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn dókítà sábà máa ń gbà. Èkíní ni kí a fún ara ní nikotíìnì díẹ̀ láìsí èéfín, bóyá nínú ṣingọ́ọ̀mù tí a ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tàbí nínú bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara láàárọ̀. Ara á rí díẹ̀ nínú ohun tó ń béèrè, a ó sì máa dín in kù títí yóò fi tán. Èkejì ni bupropion, hóró oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, kí wọ́n tó rí i pé ó ń dín ìyánhànhàn sìgá kù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí lọ́dún 1997. Ẹ̀kẹta ni varenicline, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2006. Ibi tí nikotíìnì máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ ni oògùn yìí náà ń jókòó sí. Ó ń fún ọpọlọ ní ìtura díẹ̀, ìyẹn ni ara kò fi ní béèrè kíkankíkan; ó sì ti gba àyè tán, nítorí náà bí èèyàn bá ṣèèṣì mu ẹyọ kan, kò ní rí adùn tó ń wá nínú rẹ̀.

Èsì wọn kò dọ́gba. Nínú àkójọpọ̀ ìwádìí ọdún 2023 tí a mẹ́nu bà, níbi tí 6 nínú 100 ti bọ́ láìlo oògùn, nǹkan bí 9 ló bọ́ nípa lílo irú nikotíìnì aláìléèéfín kan ṣoṣo tàbí bupropion. Nǹkan bí 12 nípa pípa ṣingọ́ọ̀mù àti bébà pọ̀. Nǹkan bí 14 nípa varenicline. Èyí fi hàn pé varenicline sọ àǹfààní èèyàn di ìlọ́po méjì, ó tún lé díẹ̀. Ó tún fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bọ́ nígbà àkọ́kọ́, a kò sì ní fi èyí pa mọ́. Ẹni tó bá padà lẹ́yìn oṣù méjì lè tún gbìyànjú, kí dókítà yí oògùn padà tàbí kó pa méjì pọ̀. Ìmọ̀ràn láti ẹnu nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, tí wọ́n ń ṣe léraléra, tún ń fi kún iṣẹ́ oògùn. Nítorí ẹ̀rí wọ̀nyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fi nikotíìnì aláìléèéfín sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí rẹ̀ lọ́dún 2009, tó fi bupropion àti varenicline kún un lọ́dún 2021, tó sì gbé ìlànà ìtọ́jú jáde lóṣù Keje ọdún 2024 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fi oògùn àti ìmọ̀ràn tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́.

Ìdáhùn sí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ

Àwọn kan ní gbígbé bárakú kan fi rọ́pò òmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá tọ̀nà bó bá jẹ́ pé nikotíìnì ló ń fa jẹjẹrẹ. Nikotíìnì ló ń de èèyàn mọ́ sìgá; èéfín ló ń pa á. Èròjà tó wà nínú èéfín náà lé ní 7,000, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara kò ní èéfín, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú nikotíìnì sílẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ní ti bupropion àti varenicline, kò sí nikotíìnì nínú wọn rárá.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé oògùn náà máa ń da orí èèyàn rú. Ọ̀rọ̀ yìí ní orísun. Lọ́dún 2009, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára varenicline àti bupropion, torí àwọn kan ròyìn pé ọkàn àwọn dàrú nígbà tí àwọn ń lò wọ́n. Àwọn onímọ̀ wá ṣe ìwádìí ńlá lára àwọn èèyàn tó lé ní 8,000, nǹkan bí ìdajì wọn sì ti ní àìsàn ọpọlọ rí. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: ìdààmú ọkàn kò wọ́pọ̀ lára àwọn tó lo oògùn wọ̀nyí ju ti àwọn tó lo bébà nikotíìnì tàbí hóró tí kò ní oògùn nínú. Lóṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n yọ ìkìlọ̀ yẹn kúrò. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ìṣesí rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí èrò búburú bá ń wá sí i lọ́kàn, gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró kó sì rí dókítà kíákíá.

Ẹlòmíràn á tọ́ka sí bàbá àgbà tó mu ìkòkò dọjọ́ alẹ́. Irú wọn wà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò dọjọ́ alẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ́rìí. Wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àádọ́ta ọdún, láti 1951 sí 2001. Àwọn tó ń mu sìgá lọ láìdúró kú ní nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí. Àmọ́ ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ 40 ọdún gba nǹkan bí ọdún 9 padà nínú rẹ̀, ẹni tó jáwọ́ ní 50 gba 6, ẹni tó jáwọ́ ní 60 gba 3. Kò sí ọjọ́ orí tí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù fún.

Wọ́n tún ń béèrè pé, ṣé àgbo kò tó? Kò sí àgbo kan tí a ti dán wò bí a ṣe dán àwọn oògùn wọ̀nyí wò, tí ó sì yege. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ orógbó kí ẹnu rẹ̀ má ṣófo lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún obì. Èéfín sìgá máa ń mú kí ara tètè lo káféènì inú obì àti kọfí tán. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, káféènì náà á pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awẹ́ obì tí kò ṣe é ní nǹkan tẹ́lẹ̀ lè wá dí i lóorun, kó sì rò pé àìsí sìgá nìkan ló fà á.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù. Lóòótọ́, oògùn wọ̀nyí kò pọ̀ nígboro, kì í sì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ló ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 12 ní òpin. Owó sìgá kò ní òpin títí èèyàn yóò fi dá a dúró tàbí tí àìsàn yóò fi dá a dúró. Ẹrù yìí kò sì yẹ kó wà lórí aláìsàn nìkan. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ìdènà tábà lọ́dún 2005, abala 14 rẹ̀ sì ní kí ìjọba ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Òfin ọdún 2015 ti ka títa sìgá ní ẹyọ ẹyọ àti títà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ó kù kí oògùn ìjáwọ́ dé ilé ìwòsàn Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, kí àwọn elétò ìlera ìpínlẹ̀ sì kà á mọ́ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Bí aráàlú bá ń béèrè fún un lójú ọ̀nà tó tọ́, yóò ṣòro láti sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìjáwọ́ yóò pa oúnjẹ àgbẹ̀, ọjà ewé tábà kò dúró lórí iye ẹyọ tí ẹnì kan mu ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ lè máa gbìn ín kó má mu ún, àgbẹ̀ lè sì yíjú sí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí kajú. Ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni kò ní àrọ́pò lóko.

Ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, àti ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe ra oògùn wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ẹ má sì gba èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tí wárápá ń ṣe tàbí tó ṣe rí kò gbọ́dọ̀ lo bupropion, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, tó sì fẹ́ ṣàdédé dá ọtí náà dúró. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa nílò varenicline tó kéré sí ti ẹlòmíràn. Èébì díẹ̀ àti àlá tó le ló máa ń wọ́pọ̀ jù nídìí varenicline. Jíjẹun kí a tó lò ó àti mímu omi dáadáa máa ń dín in kù. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Ẹni tó ń lo aminophylline fún àsímà, tàbí insulin fún ìtọ̀ ṣúgà, tàbí oògùn ọpọlọ, gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tó fẹ́ jáwọ́ ṣáájú, nítorí ìwọ̀n oògùn tó tó o nígbà tó ń mu sìgá lè pọ̀ jù fún un lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tí igbó tàbí ọtí bá dara pọ̀ mọ́ sìgá rẹ̀ lè nílò ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí bárakú dè. Ẹ sọ iye ẹyọ tí ẹ ń mu lójúmọ́, ẹ sì sọ bó ṣe ń yá tó lẹ́yìn jíjí kí ẹ tó mu àkọ́kọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, nítorí varenicline máa ń ṣáájú ọjọ́ ìjáwọ́ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, bupropion pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì lò ó tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kódà bí ìyánhànhàn bá ti lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìpinnu ni yóò gbé yín dé iwájú dókítà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú ìgbésẹ̀ yẹn padà sílé lọ́wọ́ òfo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ aláìlágbára pè é nítorí pé ó gba oògùn.