Yíyan Àkójọ Sọ́fítíwíà fún Ímeèlì àti Agbo Ìjíròrò: Netscape Communicator àti Àwọn Akẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1997 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn: ṣé sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ni yóò máa fi ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí yóò wá ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Yàtọ̀ sí wíwo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì wà, Usenet sì wà. Àkójọ agbo ìjíròrò ni Usenet. Tom Truscott àti Jim Ellis ni wọ́n gbèrò rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979. Ohun tí ẹnì kan bá kọ sí agbo, kọ̀ǹpútà kan á gbé e fún òmíràn títí yóò fi kárí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní òkè òkun ní agbo tiwọn níbẹ̀, èyí tí í ṣe soc.culture.nigeria, níbi tí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú kì í ti í tán bọ̀rọ̀.

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1997 ni Netscape Communicator jáde. Ó kó Navigator, Messenger, Collabra àti Composer pọ̀ sójú kan: ojú ewé, ímeèlì, agbo ìjíròrò àti ṣíṣe ojú ewé tuntun. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft gbé Internet Explorer 4 jáde pẹ̀lú Outlook Express nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí ó di Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, Netscape náà sọ tirẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn tí kò fẹ́ àkójọ a máa mú Eudora fún ímeèlì, kí wọ́n sì mú Forté Agent fún agbo ìjíròrò. Steve Dorner ni ó ṣe Eudora ní ọdún 1988. Orúkọ òǹkọ̀wé ará Mississippi nì, Eudora Welty, ni ó fi pè é, nítorí ìtàn kékeré tí obìnrin náà kọ nípa ẹni tí ó kó lọ máa gbé ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Àkójọ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ojú ewé kan bá mú kí Navigator dákú, Messenger náà á bá a lọ, ìwé tí ènìyàn ń kọ lọ́wọ́ lè ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ sì ni Messenger a máa fi HTML kọ̀wé bí wọn kò bá pa á láṣẹ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà Usenet kò sì fẹ́ rí HTML sójú rárá, nítorí púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà wọn kò lè kà á.

Èyí tí ó kan òǹkọ̀wé Yorùbá jù ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti àmì. ASCII, tí ímeèlì ìbẹ̀rẹ̀ gbára lé, kò ní ẹ, ọ, tàbí ṣ. Bí ẹnì kan bá kọ “owo” ránṣẹ́, òǹkàwé ni yóò pinnu bóyá owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ tàbí ọwọ̀ ni ó ń wí. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, ni ó ṣí ọ̀nà. Communicator àti Outlook Express lè kà á, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́. Eudora kò lè ṣe é bí ó ti yẹ. Nínú rẹ̀, ẹ a máa di áº¹. Kódà níbi tí UTF-8 bá ti ṣiṣẹ́, ìṣòro kò tán, nítorí pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode: àmì ohùn ni wọ́n ń gbé lé ẹ lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìgbà náà sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Nídìí èyí, ó tọ́ kí olùyàn fi gbólóhùn Yorùbá kan tí àmì rẹ̀ pé dán sọ́fítíwíà wò, kí ó tó wo ẹwà ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Messenger ń kó ímeèlì sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n ń pè ní mbox, èyí tí sọ́fítíwíà tí a fi ń tẹ̀wé lè ṣí. Láti ẹ̀dà karùn-ún, Outlook Express ń lo fáìlì dbx, tí òun nìkan mọ inú rẹ̀. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá sì tó gígábáìtì 2, ó lè bàjẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kógbá wọlé: Windows Vista kò gbé Outlook Express wá mọ́, AOL tí ó ra Netscape sì pa á tì ní Oṣù Kẹta ọdún 2008. Ṣùgbọ́n Netscape ti tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 1998, láti inú èyí tí Mozilla ti jáde, tí Thunderbird sì tẹ̀lé e ní ọdún 2004. Ẹni tí ó bá tọ́jú fáìlì mbox rẹ̀ ti ọdún 1997 lè fi Thunderbird kà á lónìí, nígbà tí ẹni tí tirẹ̀ wà nínú dbx ní láti kọ́kọ́ wá ohun tí yóò fi yí i padà.